Wọ́n Ní Kí N Bọ Ilẹ̀ Kí A Tó Gbẹ́ Ìpìlẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yọ nínú àpò lóṣù yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn pọ̀ ni, torí ọ̀rọ̀ òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni gbogbo wọn ń sọ. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: ọmọ Ọ̀fà ni mí, Tankẹ ní Ìlọrin ni mo fẹ̀yìn tì sí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn pòtétò ní agbègbè Cusco, lórílẹ̀-èdè Perú. Ọmọ Ọ̀fà tó lọ kọ́ṣẹ́ pòtétò! Àwọn ọmọ ìyá mi fi mí rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò mọ̀ pé ànàmọ́ tí a fi ń yangàn pé ti Ọ̀fà ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ọ̀hún náà ló ti wá sọ́dọ̀ wa.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin ni mí, ẹnjiníà ni mí. Oṣù mẹ́rin rè é tí ilé-iṣẹ́ wa ti gbé mi wá sí Cusco láti bójú tó kíkọ́ ilé ìkẹ́rù kan. Ara mi ti ń mọlé díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń gbọ́ èdè Sípéènì, àmọ́ Quechua ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá fẹ́ kí n gbọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù August la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Fọ́máànù wá bá mi pé a ní láti kọ́kọ́ ṣe "pago", pé a máa fún Pachamama, ìyẹn ilẹ̀, lóúnjẹ, pé èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ni màá dá owó tó pọ̀ jù, èmi náà ni màá sì kọ́kọ́ da ọtí sílẹ̀. Mo ní mùsùlùmí ni mí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ki díga bọ ilẹ̀ láìṣe é. Àáfà ni bàbá mi àgbà, ilé kéwú ni mo dàgbà sí. N kò fẹ́ ṣe ṣìríkì, n kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Wọ́n tún ní kí n wá wo Inti Raymi lóṣù June. Ṣé irú kan náà ni?*
*Ọmọ Pàkátà, Cusco*

Ọmọ mi, o kú ìdúró, o kú ìnira òkè. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò sí lọ́wọ́ mi: èmi kì í ṣe àáfà. Bóyá kí mùsùlùmí dúró níbi tí wọ́n ti ń bọ ilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tàbí kò jẹ́, àáfà rẹ ní Pàkátà ló máa sọ ọ́. Àárọ̀ ni kó o pè é o, torí wákàtí mẹ́fà ni ilé fi ṣíwájú yín. Tí agogo mẹ́jọ àárọ̀ bá lù ní Cusco, agogo méjì ọ̀sán ti lù nílé, wọ́n wà nídìí ìrun Àìlà. Tó o bá dúró dìgbà tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, baba ti sùn.

Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí ojú mi rí, torí èmi náà bọ́ sínú kòtò yẹn. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi. Nílé wa, tí omi bá dà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni láàárọ̀, kó má ṣe sọ̀rọ̀ sí i, kí bàbá má bàa ní ó ń bọ nǹkan.

Ará òkè Andes kì í pe ilẹ̀ ní erùpẹ̀ lásán. Pachamama ni wọ́n ń pè é, ìyá ni. Lóṣù August, òtútù àti ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ ilẹ̀ gbẹ, oko ò tíì bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń sán. Wọ́n ní ẹnu Ìyá ló là yẹn, ebi ló ń pa á, ẹni tó bá sì fẹ́ ki irin bọ̀ ọ́ lára lákòókò náà, kó kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ. Àwọn àgbà tiwa náà ló ń kì í ní Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ẹni tó ń fi ọkọ́ ya irun orí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò lè ṣàjèjì sí ọ pátápátá, àfi tó o bá fẹ́ sọ fún mi pé kò sí àgbẹ̀ kankan nínú ìran yín. Tiwa ti wá di nǹkan mìíràn ṣá. Tó o bá fẹ́ kọ́lé nílé lónìí, ọmọ onílẹ̀ ló máa gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í rí búrẹ́dì kan jẹ níbẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, wákàtí méjì gbáko ló gbà. Wọ́n tẹ́ ìwé funfun sórí aṣọ. Baba tó mọ̀ ọ́n ṣe, paqo ni wọ́n ń pe irú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ayò: ewé kóká tí kò ya, hóró àgbàdo, súìtì ọmọdé, ọ̀rá llama tí í ṣe ẹran ọ̀sìn wọn, ìkarahun òkun, òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń mú ewé yẹn, k'intu ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé e sún mọ́ ẹnu, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á wá máa pe orúkọ àwọn òkè tó yí ìlú ká. Òkè ńlá ní ọlá níbẹ̀. Apu ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n gbà pé àwọn ló ń ṣọ́ ìlú. Ausangate ni àgbà wọn ní agbègbè Cusco, 6,384 mítà. Fi Òkè Sóbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó o rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ wọ́n rè é. Nígbà tí baba náà di ẹrù yẹn tán tó gbé e sínú iná, gbogbo èèyàn kọ̀yìn sí i. Èmi? Mo gbé kámẹ́rà, mo tẹ̀ lé e. Mo ń ya fọ́tò bí ẹni wà níbi ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àsìkò títú ilẹ̀ dé, tí mo nílò ọwọ́ láti gbin pòtétò sí oko ìdánwò wa, ẹni tí mo bá lọ bẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún. Gbogbo abúlé ni ẹ̀yìn ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà! Ìyá àgbàlagbà kan tí mo máa ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ ló là mí lóye: Ìyá ń jẹun, mo lọ ń wò ó lẹ́nu. Ojú tì mí débi pé n kò lè gba wàrà lọ́jọ́ yẹn. Ta ni wọn ò kọ́ nílé wa pé a kì í wo àgbà lẹ́nu tó bá ń jẹun? Etí mi ì bá gbọ́ ìgbátí ká ní ìyá mi wà níbẹ̀.

Àáró ni mo fi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní àáró. Ayni ni wọ́n ń pè é: mo bá ọ ṣe lónìí, o bá mi ṣe lọ́la, kò sówó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbàgbé. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń jáde sí, bí ọ̀wẹ̀, minka nìyẹn. Afárá kan wà tí wọ́n fi koríko hun, Q'eswachaka, lórí odò Apurímac. Lọ́dọọdún, lóṣù June, abúlé mẹ́rin á jáde, wọ́n á tú ti èṣí jù sódò, wọ́n á hun tuntun. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú lọ́dún 2013, àmọ́ wọ́n ti ń hun ún tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá kọ ọ́ sínú ìwé.

Ni mo bá wọ bàtà rọ́bà, mo lọ sí oko ìyá oníwàrà láìjẹ́ pé ó pè mí. Chaquitaklla ni wọ́n fi ń tulẹ̀, ọ̀pá gígùn tí irin wà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀. Ọkùnrin méjì á tú ògúlùtu sókè, obìnrin á yí i padà. Yíyí ni wọ́n fún mi. Ní ọjọ́ kẹta, tèmi gan-an ni ẹ̀yìn tó ń dùn wá di òótọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èèyàn mọ́kànlá ló wá sí oko mi. Wọ́n bá mi ṣe é títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́dún náà, nígbà tí wọ́n tún ń ṣe pago, ẹnì kan ní kí n wá mú aṣọ ìtẹ́sílẹ̀ dání. Mo mú un dání. Nígbà tí iná dé, mo kọ̀yìn sí i.

Bọ́rọ̀ ṣe rí lójú mi nìyí, ọmọ mi. Fọ́máànù ní jíjẹ́ mùsùlùmí rẹ kò burú. Gbà á gbọ́. Wọ́n ti rí irú rẹ rí. Wo àárín àwọn òṣìṣẹ́ yẹn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó o rí ẹnì kan tàbí méjì tí wọ́n ń pè ní "hermano", ìyẹn arákùnrin. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọn kì í mutí, wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn sí ewé. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á bọ́ fìlà, tó bá parí wọ́n á mú díga. Tí àáfà bá ti ní kó o lè wà níbẹ̀, lọ dúró tì wọ́n. Tó bá ní o ò lè wà níbẹ̀, dé nígbà tí wọ́n bá parí, àmọ́ sọ fún fọ́máànù ṣáájú, kó má jẹ́ pé wọ́n ń wá ọ̀gá kiri.

Ọ̀rọ̀ dída ọtí sílẹ̀ ò le. Sọ fún fọ́máànù pé òun ni ọmọ ibẹ̀, òun ni ilẹ̀ mọ ohùn rẹ̀, kó bá yín ṣe é. Inú rẹ̀ á dùn jù bó o ṣe rò lọ. Owó tó o fẹ́ dá, fi í sí oúnjẹ, torí gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa jẹun lẹ́yìn ètò náà. Ìwọ ni kó o ra ẹran fúnra rẹ, kó sì pọ̀. Tó o bá fi sílẹ̀ fún wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa rà. Má ṣe awun níbẹ̀ o. Ọ̀gá tó bá fi ẹ̀sìn bojú tó tún wá fún èèyàn ní ẹran bíńtín, òun ni wọ́n máa fi Quechua sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilé yẹn á fi parí.

Ohun mímu: bèèrè "chicha morada". Àgbàdo dúdú tí wọ́n sè pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti kànáfùrù ni, ó pọ́n bí sobo, kò lọ́tí nínú. "Chicha de jora" ni kó o yẹra fún. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyẹn, ó ti kan. Ilé tó o bá rí tí wọ́n so láílọ́ọ̀nù pupa mọ́ orí ọ̀pá síta, òun náà ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Wọ́n máa fún ọ ní ewé kóká. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bó o ṣe máa gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nílé. Kó o jẹ ẹ́ ni kó o rò dáadáa, kì í sì í ṣe torí ẹ̀sìn nìkan. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ láti ayébáyé kí ebi àti àárẹ̀ lè fúyẹ́, òfin wọn gbà á. Ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ yín bá máa ń yẹ ìtọ̀ òṣìṣẹ́ wò, ewé yẹn, títí kan tíì rẹ̀, lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé o lo kokéènì. Ẹnjiníà tí wọ́n bá fi ìyẹn lé padà sílé, báwo ló ṣe fẹ́ ṣàlàyé ní Pàkátà?

Kọ́ Quechua díẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe èdè ẹ̀yìnkùlé. Láti ọdún 1975 ni ìjọba Perú ti kà á sí èdè ìjọba. Tó o bá dé sáìtì láàárọ̀, sọ pé "Allillanchu, taytay" fún àgbà ọkùnrin, "mamay" fún obìnrin tó ń se oúnjẹ. Baba mi, ìyá mi, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Ọmọ Ìlọrin kankan ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ìkíni ń ṣe.

Inti Raymi ní tirẹ̀, lọ wò ó. Ọdún oòrùn àwọn Inca ni, àwọn tó ń jọba níbẹ̀ kí Sípéènì tó dé. Lẹ́yìn tí ìjọba Sípéènì ti pa á rẹ́, ọdún 1944 ni wọ́n tún gbé e jáde ní Cusco bí eré ńlá, ní 24 June, ní Sacsayhuamán lókè ìlú. Dọ́bà ni lójú tèmi, àfi pé kò sẹ́ṣin. Àlejò ń sanwó ìjókòó. Níbẹ̀, ya fọ́tò títí ọwọ́ á fi ro ọ́.

*Màmá, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ríṣẹ́ olùkọ́ ní La Paz, ní Bòlífíà. AS ni jẹnotáìpù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní òkè ibẹ̀ ga jù fún un. Wọ́n tún ní tíì ewé kan wà níbẹ̀ tó ń lé àárẹ̀. Mo fẹ́ kó máa fi ránṣẹ́ sí mi nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí.*
*Ìyá Olùkọ́, Òmù-Àrán*

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ò parọ́. Nǹkan bí 3,600 mítà ni La Paz, pápákọ̀ òfurufú tó wà ní El Alto lókè ìlú sì ju 4,000 lọ. Ìlọrin tí èmi wà yìí kò ju nǹkan bí 300. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ṣílẹ̀kùn báyìí, èèyàn á mí kanlẹ̀, èémí ò ní tó. Soroche ni wọ́n ń pe àìsàn rẹ̀: orí á máa fọ́, inú á máa ru. Èmi gbé báàgì méjì gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí mo dé, mo bì títí ilẹ̀ fi ṣú. Kó sinmi fún ọjọ́ méjì gbáko, kó jẹun díẹ̀díẹ̀, kó mumi, kó má gbé ẹrù. Tí èémí bá ń há a láìjẹ́ pé ó rìn, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ irú ibẹ̀ tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ráyè dé ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ìrora tó sì máa ń fà kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, kó lọ rí dókítà kó tó lọ. Kó mú ìwé jẹnotáìpù rẹ̀ dání, kó jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Sípéènì, torí dókítà ibẹ̀ lè má rò ó. Tí ìhà òsì bá ń dùn ún lókè ikùn, kó má lo oògùn orí fífọ́ kó sùn. Ká ní SS ni, èmi á ní kó wá iṣẹ́ sí ibòmíràn, bí ẹ tiẹ̀ máa bínú sí mi.

Ọ̀rọ̀ tíì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ewé kóká ni. Àtà-ńgbangba ni wọ́n ń tà á ní La Paz, ẹ̀wọ̀n ló ń fà ní Nàìjíríà. NDLEA ò ní bi yín bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn yín.

Ẹ sọ fún un pé tí àárò ilé bá mú un, kó wá chuño lọ́jà. Èlùbọ́ pòtétò ni. Lóṣù June àti July, wọ́n á tẹ́ pòtétò kéékèèké síta lóru kó dì gbagidi, oòrùn á yọ́ ọ lọ́sàn-án, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á tún sá a. Ó máa ń pẹ́ lọ́dún mélòó kan láìbàjẹ́. Ó dúdú bí èlùbọ́ tiwa, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Mo gbìyànjú àtifi ro àmàlà. Ẹ má jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀.

*Màmá, ìdílé kan ní Chinchero, lẹ́bàá Cusco, gba ọmọ mi sílé ní oṣù méjì, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo lè fi ránṣẹ́ sí wọn?*
*Ìyá Ọlọ́mọ, Òkèlèlè*

Òfì. Ẹ má wá nǹkan mìíràn lọ. Ìlú ahunṣọ ni Chinchero. Obìnrin ló ń hun ún: wọ́n á de ìkángun kan mọ́ ìbàdí ara wọn, wọ́n á de èkejì mọ́ igi, wọ́n á fara tì sẹ́yìn kí òwú lè le. Kòkòrò tíńtín tó ń gbé lára igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n ń lọ̀ fi pa á láró pupa.

Mo fún ọ̀kan nínú wọn ní òfì Ìlọrin rí. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ojú aṣọ. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó fi èékánná ka òwú rẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí a hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ká tó rán an pọ̀. Mo ṣàlàyé. Ó ní obìnrin tó hun èyí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní ọkùnrin ló hun ún, pé ní Ìlọrin, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì. Ó wò mí. Ó pe ìyá rẹ̀, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin mẹ́ta, ó ní kí n tún un sọ.